JÍJÁ ỌMỌ ẸJA LẸ́NU OÚNJẸ ALÁÀYÈ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA TÍ A Ń SIN ẸJA NÍ JOS

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí lára ènìyàn, ṣùgbọ́n tí a bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹja, ó yẹ kí a fi nǹkan kan kún un. Ebi lè máa pa ọmọ ẹja, kí oúnjẹ sì kún iwájú rẹ̀, kí ó má fẹnu kàn án, kí ó sì ti ibẹ̀ kú. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ìgbéraga. Kò mọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n gbé síwájú òun ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ nínú àròkọ yìí: bí a ṣe lè kọ́ ẹja tí ó mọ oúnjẹ aláàyè nìkan láti máa jẹ oúnjẹ gbígbẹ.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin dá owó jọ, a ra ọmọ ẹja àrọ̀ 1,000 tí wọ́n jáde láti inú ẹyin ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Èrò wa ni pé kí a tọ́ wọn fún oṣù kan, kí a tà wọ́n fún àwọn tí ó ní adágún, kí a sì fi èrè rẹ̀ san owó ilé tí a ń gbé. A ra oúnjẹ gbígbẹ tí ó kúnná bí èlùbọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sínú omi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ní ọjọ́ kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ní ọjọ́ kẹta, òkú ọmọ ẹja ń léfòó lójú omi, funfun báláú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, a ka àwọn tí ó kù, 37 péré ni wọ́n. Owó wa wọgbó.

Ìyá kan tí ó ti pẹ́ nídìí ọ̀sìn ẹja ní Bukuru ni a lọ bá. Nígbà tí màmá náà gbọ́ àlàyé wa tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bi wá léèrè bóyá iyán ni àwọn ìyá wa fi bọ́ wa ní ọjọ́ tí wọ́n bí wa. Ìbéèrè yẹn ni ó là wá lójú. A kì í já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ ìkómọ. Ọmú ni ọmọ ń mu kí ó tó kan ògì, ògì ni kí ó tó kan ẹ̀kọ, kí ó tó wá kan iyán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹja.

Ọ̀SÌN ẸJA KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ NÍ PLATEAU

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ibi tí a wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àwa ará Jos ń sọ̀rọ̀ ẹja lè rò pé a ń ṣeré ni, nítorí pé orí òkè ni Jos wà. Ó fi ohun tí ó lé ní 1,100 mítà ga ju ojú òkun lọ, òkun gan-an sì jìnnà réré sí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sìn ẹja ti ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ibi méjì ni ìtàn máa ń dárúkọ. Èkíní ni Oníkan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdánwò kékeré ní 1951. Èkejì ni Panyam, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mangu níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Plateau. Panyam ni wọ́n kó ẹja kan tí a ń pè ní carp wá láti ilẹ̀ Austria ní 1954. Ẹja tí ó lè fara da òtútù ni carp, nítorí náà òtútù orí òkè wa kò ṣe àjèjì sí i.

Yàtọ̀ sí Panyam, ìwakùsà tánganran tí ó gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún wà lára ohun tí ó kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá àti bàbá-bàbá wa wá sí Jos àti Bukuru, pẹ̀lú iṣẹ́ rélùwéè àti òwò. Àwọn kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ti di adágún omi káàkiri, láti Rayfield títí dé Barkin Ladi. Àwọn àgbẹ̀ ń fi omi wọn rin ohun ọ̀gbìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn mìíràn sì ń pẹja níbẹ̀. Omi wà, àwọn tí ó fẹ́ jẹ ẹja sì pọ̀. Ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ni bí a ó ṣe tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ láti ọjọ́ kẹta rẹ̀ títí dé ìgbà tí yóò lè máa jẹ oúnjẹ tí a rà nínú àpò.

KÍ LÓ DÉ TÍ ỌMỌ ẸJA FI Ń KỌ OÚNJẸ GBÍGBẸ?

Ìdí mẹ́ta ni a rí.

Ìdí kìíní ni pé oúnjẹ gbígbẹ kò jọ oúnjẹ lójú ẹja. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹja ń jẹ nínú odò ni ó ń mí, tí ó ń rìn, tí ó sì ní òórùn tirẹ̀. Ẹja tí ó ń fi ojú ṣọdẹ kò ka ohun tí kò mira sí oúnjẹ rárá. Ìdọ̀tí lásán ni ó jẹ́ lójú rẹ̀. Ti ẹja àrọ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. Àrọ̀ kò gbára lé ojú púpọ̀. Irun ẹnu mẹ́jọ tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká ni ó fi ń wá nǹkan kiri tí ó sì fi ń tọ́ ọ wò, ìdí nìyẹn tí ó fi lè jẹun nínú òkùnkùn biribiri. Nítorí náà, tí oúnjẹ gbígbẹ bá ti pẹ́ nínú àpò tí òórùn rẹ̀ ti lọ, tàbí tí òróró inú rẹ̀ ti kan, ọmọ àrọ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìdí kejì ni ó ṣe pàtàkì jù, òun náà ni àwa kò mọ̀ nígbà tí a ń pa ọmọ ẹja ẹlẹ́ja. Nígbà tí ọmọ àrọ̀ bá jáde láti inú ẹyin, àpò oúnjẹ kékeré kan máa ń wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tí ó gbé ti inú ẹyin wá. Ohun tí ó wà nínú àpò yìí ni ó ń jẹ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí àpò náà bá tán ni ó tó máa wá oúnjẹ kiri. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn kò tíì ní àpòlúkù tí ń ṣiṣẹ́. Àpòlúkù ni ó máa ń tú omi kíkan tí ó ń fọ́ èròjà amúaradàgbà sí wẹ́wẹ́. Nínú omi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 27 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn tí ọmọ àrọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí àpòlúkù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, bí ó bá tilẹ̀ gbé oúnjẹ gbígbẹ mì, púpọ̀ rẹ̀ ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá láì ṣe é ní àǹfààní. Àwọn kòkòrò omi wẹ́wẹ́ ní tiwọn rọ̀, wọ́n sì tètè ń yọ́ nínú ìfun tí kò tíì gbó.

Ìdí kẹta ni bí oúnjẹ ti tóbi sí àti ibi tí ó ń dúró sí. Ẹnu ọmọ àrọ̀ kéré jọjọ. Oúnjẹ tí ó bá tóbi jù kò lè wọ ẹnu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ omi ni ọmọ àrọ̀ fẹ́ràn láti máa wà. Ìyẹ̀fun tí a bá bù sójú omi tí ó sì léfòó síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi rì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

OÚNJẸ ALÁÀYÈ TÍ Ó TI INÚ OMI IYỌ̀ WÁ

Oúnjẹ aláàyè tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń tọ́ ọmọ àrọ̀ ń lò ni Artemia. Ìbátan edé ni Artemia, ṣùgbọ́n inú adágún oníyọ̀ ni ó ń gbé. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà lọ́jà ti inú adágún oníyọ̀ ńlá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà wá. Ẹyin rẹ̀ gbẹ, ó dà bí iyanrìn kíkúnná tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, inú agolo ni wọ́n sì ń tà á. Ohun ìyanu ni pé ẹyin yìí lè wà ní gbígbẹ fún ọdún bíi mélòó kan láì kú. Nígbà tí omi iyọ̀ bá kàn án ni yóò tó jí.

Bí a ṣe ń pa á rọrùn. Ẹ wá ike omi onílítà kan tàbí méjì, ẹ gé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹ bu iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 sínú lítà omi kan. Ẹ da ẹyin Artemia díẹ̀ sí i, kí ẹ sì ki rọ́bà ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi náà lè máa hó láìdúró. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ tan iná sí i lára. Tí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 28, àwọn ọmọ Artemia yóò ti jáde láàárín nǹkan bí wákàtí 24. Nígbà náà, ẹ pa ẹ̀rọ atẹ́gùn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèpo ẹyin yóò léfòó sókè. Àwọn ọmọ, tí àwọ̀ wọn dà bí ti ọsàn pípọ́n, yóò kó ara wọn jọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa àwọn ọmọ nìkan sínú aṣọ tí ojú rẹ̀ dí, kí ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára wọn, kí ẹ sì fún ẹja lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí èèpo ẹyin bá a lọ, nítorí pé èèpo kì í yọ́ nínú ẹja, ó sì lè dí i ní ìfun. Èkejì, ọmọ Artemia tí a bá fi pamọ́ títí di ọjọ́ kejì yóò ti jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ tán, kò níláárí mọ́. Ẹ̀kẹta, omi iyọ̀ ni ilé rẹ̀. Kò lè pẹ́ nínú omi tí kò níyọ̀ kí ó tó kú, tí ó bá sì kú, yóò ba omi jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa fi í fún ẹja ní díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́.

Ẹni tí kò bá lówó Artemia lè lo àwọn kòkòrò omi wẹ́wẹ́ tí ó máa ń hù nínú adágún tí a da ìgbẹ́ adìyẹ sí. Àwọn kòkòrò yìí dára púpọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a fi aṣọ sẹ́ wọn dáadáa, nítorí pé ọmọ lámilámi tí ó ń gbé inú omi lè bá wọn wọlé, apẹja ni ọmọ lámilámi! Kí a má sì lọ bu omi nínú kòtò kùsà kan ṣáá, nítorí pé erùpẹ̀ tí wọ́n hú jáde níbi ìwakùsà ní àwọn èròjà olóró nínú. Àwọn kan ń lo pupa ẹyin tí a sè. Kò burú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó tètè ń ba omi jẹ́ tó o.

BÍ A ṢE Ń JÁ A LẸ́NU RẸ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ètò tí ìyá yẹn là sílẹ̀ fún wa, tí a sì tẹ̀ lé lẹ́ẹ̀kejì, nìyí:

Láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹfà tí ẹja ti jáde láti inú ẹyin, oúnjẹ aláàyè nìkan ni kí a fún un. Kí a má ṣe kánjú. Kí a bo ojú táńkì, nítorí pé ọmọ àrọ̀ fẹ́ràn òkùnkùn.

Ní ọjọ́ keje, àpòlúkù rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ebi ń pa á, ni kí a kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ tí ó kúnná dáadáa. Irú èyí tí èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ tó ìdá 50 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó yẹ ẹ. Kí a fi omi díẹ̀ pò ó kí ó lè rì. A tilẹ̀ lè fi omi tí a fi sẹ́ Artemia pò ó, kí òórùn tí ẹja ti mọ̀ lè wà lára rẹ̀. Kí a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni kí a tó fún un ní Artemia. Bí a bá kọ́kọ́ fún un ní Artemia, yóò yó, kò sì ní wo ojú oúnjẹ gbígbẹ mọ́.

Láti ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹwàá, kí oúnjẹ gbígbẹ máa ṣáájú ní gbogbo ìgbà tí a bá ń bọ́ wọn, kí a sì máa dín Artemia kù. Kí a yọ ọ́ kúrò ní ọ̀sán ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí a yọ ọ́ kúrò ní ìrọ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ kọkànlá sí ìkẹrìnlá, Artemia lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó, lálẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi pé, oúnjẹ gbígbẹ nìkan ni wọn yóò máa jẹ. Bí wọ́n ti ń dàgbà ni a ó máa mú hóró oúnjẹ náà tóbi sí i. Ní àkókò yìí kan náà ni ẹ̀yà ara tí àrọ̀ fi ń mí atẹ́gùn òkè máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ó máa rí i tí wọ́n ń ta sókè wá gba atẹ́gùn. Tí a bá rí èyí, ọkàn wa lè balẹ̀ díẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ lóòótọ́? Ara ọmọ àrọ̀ mọ́ gaara débi pé a lè rí inú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí ẹ wo ikùn wọn. Tí ó bá pọ́n bí ọsàn, Artemia ni wọ́n jẹ. Tí ó bá dúdú bí erùpẹ̀, wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ. Tí ikùn bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, a jẹ́ pé ebi ń pa wọ́n, kí a padà sẹ́yìn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àyẹ̀wò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun ni ó sì gbà wá lọ́wọ́ àdánù lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó kù ní abẹ́ ìsọ̀rí yìí. Àkọ́kọ́ ni omi. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ yóò jẹrà, yóò sì di amóníà, tí ó jẹ́ májèlé fún ẹja. Kí a máa fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a sì pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi pẹ̀lú omi tí ìgbóná rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú àgbá kí a tó lò ó. Èkejì ni àwọn tí ó ń yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń pè ní ṣúútà. Àwọn wọ̀nyí a máa gbé àbúrò wọn mì. Ebi ni ó máa ń dá kún ìwà yìí, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi ebi fipá mú ọmọ àrọ̀ jẹ oúnjẹ gbígbẹ yóò rí i pé ara wọn ni wọ́n ń jẹ. Kí a máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÒTÚTÙ JOS

Ohun tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn kò ní láti ronú lé lórí tó bẹ́ẹ̀ ni èyí. Ìgbóná tí àrọ̀ fẹ́ wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 30. Ní àkókò ọyẹ́, láti oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé, òru Jos a máa tutù débi pé omi inú táńkì kékeré kì í lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a ràn án lọ́wọ́. Nínú omi tútù, ohun gbogbo ni ó ń falẹ̀: ẹyin ń pẹ́ kí ó tó ṣẹ́, àpòlúkù ń pẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, Artemia pàápàá kò ní jáde ní wákàtí 24. Nítorí náà, iye ọjọ́ tí a kọ sókè yìí yóò gùn sí i. Ẹni tí ó bá ń wo kàlẹ́ńdà tí kò wo ikùn ẹja yóò ṣìnà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí kò ní ohun èlò dúró di oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe tí ooru bá dé. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó gbé táńkì sínú yàrá, kí ó fi fóòmù tẹ́ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rá bò ó. Kí a má ṣe gbé iná èédú sínú yàrá tí a ti pa ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ dé nítorí ẹja o. Èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn, ẹ̀mí wa sì níye lórí ju ti àrọ̀ lọ.

ẸJA ÒKUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ ONÍGÍLÁÀSÌ

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan tí àwọn ẹbí wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ti bi wá léèrè nípa ẹja aláràbarà tí àwọn ènìyàn ń fi omi iyọ̀ sìn nínú ilé fún ẹwà. Ọgbọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n tiwọn le ju tiwa lọ. Inú òkun gan-an, níbi tí àwọn àpáta iyùn wà, ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹja náà ti dàgbà, ó ti mọ ohun tí ó ń jẹ, ìrìn àjò sì ti dà á láàmú. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ nínú àpótí tí ó dá wà, tí ó ní ibi ìsápamọ́sí. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ aláàyè ni àkọ́kọ́; oúnjẹ dídì tí ó ti kú ṣùgbọ́n tí ó ṣì jọ ti àtilẹ̀wá ni èkejì; oúnjẹ gbígbẹ tí a fi omi oúnjẹ dídì yẹn rẹ ni ẹ̀kẹta. Wọ́n a máa jẹ́ kí ìṣàn omi gbé e lọ síwá sẹ́yìn, kí ó lè dà bí ohun tí ó ń rìn. Wọ́n tún lè fi ẹja mìíràn tí ó ti mọ̀ ọ́n jẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹja a máa wo ẹja ṣe.

Àwọn kan wà tí ó ṣòro púpọ̀. Ẹja tí orí rẹ̀ dà bí ti ẹṣin, tí irú rẹ̀ kan ń gbé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, kò ní àpòlúkù rárá títí tí yóò fi kú. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ àrọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni ó ṣe ń gbé gbogbo ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ máa jẹun lemọ́lemọ́. Kì í ṣe ti òkun nìkan. Nínú àwọn ẹja odò Nàìjíríà tí wọ́n ń kó lọ sí òkèèrè fún ẹwà, èyí tí ó ní ìyẹ́ bí labalábá, tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Pantodon buchholzi, ojú omi ni ó ti máa ń ṣọ́ kòkòrò tí ó bá já bọ́. Ohun tí ó bá ti rì, kò kàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ tí ó ń léfòó. Ẹ̀yin náà rí i pé ohun tí ó jẹ́ àléébù fún oúnjẹ ọmọ àrọ̀ ni ó di àǹfààní níhìn-ín. Kí a tó bọ́ ẹja, kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí.

ÈRÈ ATI ÀDÁNÙ

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò fi máa fún wọn ní oúnjẹ aláàyè lọ títí? Owó ni ìdáhùn. Artemia wọ́n, láti òkèèrè ni a sì ń rà á. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù Òkúdù 2023, gbogbo ohun tí à ń fi dọ́là rà ni ó ti gbówó lérí, oúnjẹ ẹja kò sì gbẹ́yìn. Artemia kò sì lè yó ẹja tí ó ti tó ìka. Oúnjẹ gbígbẹ ni ó lè sọ ọmọ ẹja di ẹja títà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojúkòkòrò fo oúnjẹ aláàyè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò pàdánù ẹja àti oúnjẹ pọ̀. Àwa ṣe é, a sì rí i.

Nígbà tí ó di oṣù Igbe, a tún gbìyànjú. 500 ni a rà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Pẹ̀lú ètò tí a kọ sókè yìí, 311 ni ó kù láàyè nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Èrè rẹ̀ kò tó owó ilé, ṣùgbọ́n ó san gbèsè tí a jẹ nígbà àkọ́kọ́, ó sì ku díẹ̀ tí a fi ra ẹyin Artemia mìíràn. Nígbà tí a mú ọmọ ẹja díẹ̀ lọ fún ìyá wa ní Bukuru gẹ́gẹ́ bí ọpẹ́, wọ́n bu wọ́n sínú abọ́ funfun, wọ́n wo ikùn wọn, wọ́n sì dá méjì padà fún wa pé ṣúútà ni, kí a lọ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń gbèrò àtisin ẹja, ẹ má ṣe jẹ́ kí àdánù wa tún jẹ́ tiyín. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi sùúrù já ọmọ ẹja lẹ́nu oúnjẹ aláàyè, yóò sì jẹ oúnjẹ tí ẹ bá fún un. Ire o.